Antivirus gbé prógíráàmù ẹgbẹ́ wa lọ lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ gbà mí o

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìgbóná:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kó dá mi lóhùn kíákíá nítorí àwọn èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìgbóná níbí, àwa tí à ń tajà lọ́jà la pọ̀ jù nínú ẹ̀, òní sì lọjọ́ tá a máa ń yá ara wa lówó. Ó ti lé lọ́dún méjì tá a ti kúrò lórí ìwé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ prógíráàmù kékeré kan fún wa tó ń ṣe àkọsílẹ̀ iye tí kálukú dá, iye tó yá àti èyí tó kù lọ́rùn ẹ̀, látìgbà náà kò dààmú wa rí.

Láàárọ̀ yìí mo tan láptọ́ọ̀pù, mo tẹ àwòrán prógíráàmù yẹn lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe máa ń ṣe, kò ṣí. Nǹkan kan yọ ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún pé "Threats found", kí n tó kà á tán ó ti wọlé padà, àwòrán tí mo tẹ̀ náà bá di funfun, tí mo bá tún tẹ̀ ẹ́ ó ní òun ò rí fáìlì kankan níbẹ̀. Orúkọ tí mo rí nígbà tí mo wá a dé ìdí ni Trojan:Win32/Wacatac.B!ml. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Ìbàdàn ló wà, fóònù ẹ̀ ò lọ. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lápá Olaiya ní kí n gbé e wá, òun máa yọ antivirus náà kúrò pátápátá, òun á sì fọ́ọ́mátì ẹ̀, ₦7,000. Àwọn ìyá tó jókòó níta ti ń wo ojú mi, ọ̀kan nínú wọn pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kí n sọ òótọ́ fóun, ṣé owó àwọn ti lọ ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n gbé e lọ fọ́ọ́mátì?

Onítẹ̀wé Òkè-Fìà:
Ẹ má gbé e lọ síbì kankan sà. Fọ́ọ́mátì yẹn gan-an ló máa kó owó àwọn ìyá lọ torí gbogbo ohun inú ẹ̀ ló máa pa rẹ́, antivirus ò kó o. Ohun tó mú ni prógíráàmù, prógíráàmù yàtọ̀ sí àkọsílẹ̀. Ẹ ṣí fóldà tó wà, ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí fáìlì kan tí orúkọ ẹ̀ parí sí .db tàbí .sqlite tàbí .xlsx, inú òun ni gbogbo orúkọ àti owó wà. Ẹ kọ́kọ́ kó ìyẹn sórí fúláàṣì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Èyí tó mú lọ yẹn náà ò tíì kú, ńṣe ni Windows tì í mọ́lé. Ẹ tẹ Start, ẹ kọ Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ wá Protection history níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ orúkọ tẹ́ ẹ kà yẹn á fi ibi tí fáìlì náà wà hàn yín, ẹ kà á dáadáa, ṣé fáìlì ẹgbẹ́ yín gan-an ni àbí nǹkan mìíràn, torí mo ti rí ẹni tó ń sunkún prógíráàmù ọ́fíìsì ẹ̀ tó sì jẹ́ pé géèmù tí ọmọ ẹ̀ dáńlóòdù lálẹ́ àná ni wọ́n mú. Ẹ má tíì tẹ Restore o, ẹ yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa. Ní ti òní, ẹ mú ìwé kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá máa lọ sọ́jà wọn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìgbóná:
Ọlọ́run á ṣe yín lóore. Mo rí fáìlì .db, ó wà pérépéré, mo ti kó o sórí fúláàṣì méjì, a sì ti ń fi ìwé kọ tòní. Àmọ́ kí n tó kà á débi tẹ́ ẹ ti ní kí n má tẹ Restore mo ti tẹ̀ ẹ́, fáìlì yẹn padà wá lóòótọ́, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún ó tún gbé e lọ. Fáìlì ẹgbẹ́ wa ni o, mo ka ọ̀nà ẹ̀, egbe.exe ni. Ṣé kí n pa antivirus náà ná títí a ó fi parí?

Ọmọ Kódù:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa á. Tẹ́ ẹ bá pa Real-time protection, Windows fúnra ẹ̀ máa tún un tàn tó bá ṣe díẹ̀, á sì tún gbé fáìlì yẹn lọ, ẹ máa kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé orúkọ yẹn torí pé ìparí ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. "!ml" tẹ́ ẹ rí yẹn, ohun tó ń sọ ni pé wọn ò dá fáírọ́ọ̀sì kankan mọ̀ lójú nínú fáìlì yín, ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló wò ó tó ní ó jọ ọ́. Ó dà bíi kí ọlọ́dẹ àdúgbò dá èèyàn dúró lóru torí pé ó ru àpò ńlá, kò tíì mọ̀ pé olè ni, ìrìn ẹ̀ ló fura sí. Ẹ bi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bóyá Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, ló fi kọ ọ́ tó sì fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní PyInstaller dì í di .exe kan ṣoṣo, ọkàn mi sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa kọ́kọ́ tú ẹrù inú ẹ̀ sínú fóldà Temp kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fáírọ́ọ̀sì náà sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì tún ń lo PyInstaller kan náà yìí, ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì tiwọn àti ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rere jọra bí ìbejì, antivirus wá ń mú olóòótọ́ mọ́ olè. Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn tó ń fi AutoHotkey àti AutoIt kọ prógíráàmù kékeré. Tó bá wá tún fi irinṣẹ́ tó ń jẹ́ UPX fún fáìlì yẹn pọ̀ kó lè kéré, ó burú jùyẹn lọ, torí kò ní jẹ́ kí antivirus rí inú ẹ̀ kedere.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ ò lè torí pé ọmọ yín ló kọ ọ́ kẹ́ ẹ wá sọ pé ó mọ́. Nǹkan lè ti wọnú fáìlì yẹn látorí láptọ́ọ̀pù tiyín. Hash ló máa fi hàn. Ìtẹ̀ka fáìlì ni hash, tí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí nínú fáìlì, hash ẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ yọ láptọ́ọ̀pù kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ tẹ Restore nínú Protection history, kó tó tún gbé e lọ kẹ́ ẹ tẹ Manage settings, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Exclusions, ìyẹn ibi tá a ti ń sọ ohun tí antivirus ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ẹ fi fáìlì egbe.exe yẹn nìkan sí i. Ẹ má ṣí i o! Ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tá a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ kọ

certutil -hashfile "C:\Egbe\egbe.exe" SHA256

Ibi tí fáìlì yín wà gan-an ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò èyí tí mo kọ. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló máa jáde. Kí ọmọ yín náà ṣe ti ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ n'Íbàdàn, kó kà á fún yín lórí fóònù, ẹ máa fi ìka tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá bára mu délẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fáìlì yín látìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú Exclusions lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ pa á rẹ́, kó fi tuntun ránṣẹ́.

Ẹ̀ńjíníà Dada Estate:
Àlàyé ọmọ yìí dáa. Mo fẹ́ fi VirusTotal kún un, ìkànnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Láti 2004 ló ti wà, Google rà á ní 2012, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá gbé fáìlì síbẹ̀, antivirus tó lé ní àádọ́rin ló máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Bá a ṣe ń ka èsì ẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Tó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ló pariwo, tó jẹ́ àwọn tẹ́ ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn rí, tí ohun tí wọ́n pè é ò ju "Generic" tàbí "Heuristic" tàbí "ML" lọ, ìyẹn orúkọ ìfura lásán, àṣìṣe ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá jẹ́ ogójì ló pariwo, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn pè é lórúkọ kan náà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Àárín méjèèjì ló le, ibẹ̀ lẹ ti máa bi ara yín léèrè pé níbo lẹ ti rí fáìlì yìí.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, .exe nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ síbẹ̀, ẹ má gbé .db. Ohun tẹ́ ẹ bá gbé sórí VirusTotal, àwọn ilé iṣẹ́ antivirus àtàwọn míì tó ń sanwó fún un lè gbà á wò, orúkọ àwọn ìyá àti gbèsè wọn ò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ọmọ Aláró:
Èmi ò mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń da ara yín láàmú. Mo ti yọ antivirus kúrò lórí tèmi láti bí ọdún mẹ́ta, kò sí nǹkan tó ṣe é. Wọ́n kàn ń dẹ́rù bani ni.

Ìyá Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà:
Ẹ̀yin Ọmọ Aláró, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín, mi ò bínú o. Lọ́dún tó kọjá antivirus máa ń mú prógíráàmù tá a fi ń gba ìtẹ̀ka àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ojoojúmọ́ ayé ló ń mú un, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn tó ta ẹ̀rọ yẹn fún wa gan-an la ti gbà á. Ó sú ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ó bá lọ fi gbogbo drive D àti drive E sí Exclusions kóun lè sinmi. Drive E yẹn sì ni fúláàṣì gbogbo kọ́sítọ́mà ń gbà wọlé.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọbìnrin kan gbé próójẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wá, ọdún tó fẹ́ jáde ni, chapter kìíní dé ìkarùn-ún ló fẹ́ tẹ̀ kó lọ dì í. Bá a ṣe ki fúláàṣì ẹ̀ bọ ẹ̀rọ, gbogbo fóldà ẹ̀ di shortcut lójú wa, ọfà kékeré yẹn wà lára gbogbo wọn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kò ṣí nǹkan kan. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń wa ẹkún mu, ó ní ìyẹn nìkan lẹ̀dà tóun ní. Ọlọ́run ló ṣe é, fáìlì ẹ̀ ò lọ, fáírọ́ọ̀sì yẹn fi í pamọ́ ni, ẹnì kan lórí fóònù ló kọ́ wa ká kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* sínú Command Prompt, gbogbo ẹ̀ bá yọ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a wá pa àwọn shortcut yẹn rẹ́. Mo da owó ìtẹ̀wé ẹ̀ padà fún un. Àmọ́ fúláàṣì mélòó la ti kó o ràn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ta ló gbé e délé, ta ló gbé e dé ọ́fíìsì? Mo ṣì ń rò ó di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Torí náà Akọ̀wé, fáìlì kan ṣoṣo, tàbí fóldà kan tí kò sí nǹkan mìíràn nínú ẹ̀. Ẹ má fi Downloads sí i, ẹ má fi Desktop sí i, ẹ má fi lẹ́tà fúláàṣì sí i láéláé.

Ọmọ Aláró:
Ma, mo gbọ́. Èmi kì í ki fúláàṣì ẹni kẹ́ni bọ tèmi ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú.

Télọ̀ Alágbádá, Ayétòrò:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi náà jọ ọ́ ni mo ṣe dá sí i. Mo ra ẹ̀rọ tí ń ṣe mónógíráàmù sára agbádá, ẹnì kan fún mi ní sọ́fítíwià tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ ọnà yẹn, ó ní crack ni, èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kéèyàn má bàa sanwó, ojúlówó ẹ̀ wọ́n gan-an. Inú ìwé tó bá a wá, wọ́n kọ ọ́ pé kí n pa antivirus kí n tó ìńsítọ́ọ̀lù ẹ̀, pé irọ́ ni antivirus máa pa. Ṣé irú àṣìṣe tẹ́ ẹ ń sọ yìí náà ni?

Ẹ̀ńjíníà Dada Estate:
Rárá, ẹ̀gbọ́n, eléyìí yàtọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kó yé gbogbo wa. Ti Akọ̀wé, a mọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ̀dà wà lọ́wọ́ ẹ̀, a lè fi hash wé hash. Crack yẹn, ta lẹ máa pè? Ẹni tó ṣe é ti ṣí inú fáìlì onífáìlì ó ti yí i padà, kò sí ojúlówó tẹ́ ẹ lè fi wé e, ohun tó bá sì fi kún un ẹ ò lè mọ̀. Òótọ́ ni pé antivirus máa ń pariwo sí crack kan tí kò ní ju crack lọ nínú, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni olè ti rí ibi sápamọ́, torí ó mọ̀ pé ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé irọ́ ni ariwo yẹn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ kóun tó wọlé lóru, ṣé ẹ máa so ó? Tẹ́ ẹ bá sì ń fi láptọ́ọ̀pù yẹn wọ báńkì yín, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti agbádá.

Ẹ wo Ink/Stitch. Inú Inkscape, prógíráàmù tí wọ́n fi ń yàwòrán, ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ó ń ṣe fáìlì .DST tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mónógíráàmù ń kà. Ó máa gbà yín lásìkò kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n lò, mi ò ní sọ pé kò ní gbà yín lásìkò.

Télọ̀ Alágbádá, Ayétòrò:
Mo dúpẹ́ sà. Màá gbìyànjú ẹ̀. Tí mo bá há màá padà wá bi yín.

Onítẹ̀wé Òkè-Fìà:
Kí àwọn tó ń rò pé prógíráàmù kékeré nìkan ni wọ́n ń ṣàṣìṣe mú mọ̀ o, 21 April 2010, McAfee, ilé iṣẹ́ antivirus, fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ tó mú svchost.exe, tó jẹ́ ara Windows XP gan-an, pé fáírọ́ọ̀sì ni, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kú tí wọ́n ń jí láìdáwọ́ dúró. Ní September 2022 náà, Defender, antivirus Microsoft tó wà nínú Windows yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí Chrome tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ó ń pè é ní Hive.ZY, àtúnṣe tuntun ni wọ́n fi pa ariwo yẹn. Èyí ló fi yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ Protection updates kẹ́ ẹ tẹ Check for updates kẹ́ ẹ tó ṣe wàhálà tó pọ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti tún un ṣe, dátà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣọ́ ni ò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọmọ Kódù:
Òótọ́ ni. Apá kejì ẹ̀ náà wà o. Ní 2017 àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe CCleaner, prógíráàmù tí wọ́n fi ń kó pàǹtírí kúrò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì sínú ẹ̀dà 5.33, ó sì ní ìbuwọ́lù ilé iṣẹ́ náà lára, àwọn èèyàn dáńlóòdù ẹ̀ láti ojúlówó ibi tó yẹ kí wọ́n ti dáńlóòdù ẹ̀. Ìyẹn ni mi ò ṣe kí ń sọ pé "sọ́fítíwià yìí, mo mọ̀ ọ́n, kò lè ní nǹkan kan". Èmi fúnra mi tó ń kọ kódù, mo máa ń yẹ tèmi wò.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìgbóná:
Ẹ kú àtijọ́ o ẹ̀yin ará. Ọjọ́ kẹta rèé, mo ní kí n wá jábọ̀ kó má dà bíi pé mo jẹun tán mo gbàgbé alásè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù ẹ̀ ló kú. Python àti PyInstaller ni lóòótọ́, UPX náà sì wà níbẹ̀. A ṣe hash bí Ọmọ Kódù ṣe ní ká ṣe é, ó ń kà á lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin, èmi ń fi bírò sàmì sí tèmi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò yà rárá. A wá gbé .exe nìkan sórí VirusTotal, mẹ́rin ló pariwo nínú gbogbo wọn, kò sí méjì tó pè é lórúkọ kan náà. Mo fi fáìlì yẹn nìkan sílẹ̀ nínú Exclusions, a sì kó gbogbo ohun tá a kọ sínú ìwé lọ́jọ́ ìpàdé sínú ẹ̀. Ó gbà wá títí di aago mọ́kànlá alẹ́, iná tún lọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹ̀, àmọ́ iye tó wà nínú àpótí àti iye tó wà lórí kọ̀ǹpútà bára mu.

Ọmọ náà tún prógíráàmù yẹn dì. Ó ní onefile lòun lò tẹ́lẹ̀, òun ti yí i sí onedir, ìyẹn ni pé kò ní máa tú ẹrù sínú Temp mọ́, fóldà kan ló máa jẹ́ tí gbogbo ẹrù ẹ̀ wà níbẹ̀, ó yọ UPX kúrò, ó sì fi orúkọ ẹgbẹ́ àti nọ́ńbà ẹ̀dà sínú ẹ̀. Ó tún fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Microsoft níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn fáìlì tí wọ́n ṣàṣìṣe mú, ọ̀fẹ́ ni, ó ní kò gbà ju kéèyàn gbé fáìlì yẹn sílẹ̀ kó sì ṣàlàyé ohun tó ń ṣe. Wọn ò tíì fèsì. Ẹ̀dà tuntun yìí, Defender wò ó tán kò sọ nǹkan kan, mo bá yọ ti àtijọ́ kúrò nínú Exclusions lánàá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ báyìí.

Ìyá tó pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ó padà wá láàárọ̀ yìí láti wo orúkọ ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Mo ṣí i fún un, ó ní kí n ka iye tóun dá lóṣooṣù fóun láti January, mo kà á, ó ń fi ọmọ ìka ṣírò bí mo ṣe ń kà. Ó ní ó pé. Mo ti kọ hash ẹ̀dà tuntun náà sẹ́yìn ìwé ẹgbẹ́, gbogbo 64, alága àti akápò sì buwọ́ lù ú lábẹ́ ẹ̀.

Ìyá Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà:
Inú mi dùn o Akọ̀wé. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ní ìkọ̀kọ̀, ó ní prógíráàmù kan tí mo fẹ́ kó kọ fún mi.